Dárúkọ Ìdí Márùn-ún

Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́

Mo ríṣẹ́. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ lọ bímọ, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò bá a jókòó sórí àga rẹ̀ kó má baà tutù. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, obìnrin kan tó máa ń wo èèyàn gba orí gíláàsì, gbé ìwé-ẹ̀rí mi yẹ̀wò bí ẹni ń wo ẹja tó ti pẹ́ lórí àtẹ.

"Pólì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Iṣẹ́ ìròyìn lo kọ́ níbẹ̀. Kí ló pa ìyẹn pọ̀ mọ́ lítíréṣọ̀?"

Mo ní irọ́ wà nínú méjèèjì, mà, ṣùgbọ́n lítíréṣọ̀ máa ń jẹ́wọ́ tirẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Mo tọ́jú àwàdà mi sápò.

Ó ní táàmù kan péré ni. Ìyá ìkókó ti sọ pé òun ò padà wá mọ́. Nítorí náà, bí kíláàsì bá yege nínú ìdánwò ìparí, àga di tèmi. Bí wọn ò bá yege, "ọ̀nà tí o gbà wọlé ò tíì dí."

Mo gba yàrá kan lẹ́yìn ilé ìyá onílé kan. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀, mo ní láti jáde lọ wò ó.

Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹ́rẹ́

Ìwé tí a fẹ́ kà dá lórí télọ̀ kan tó jẹ́ Júù, ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn, àti ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Yúróòpù níbi tí wọ́n ti ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ kí ìjọba Násì tó dé. Ìwé náà ò tó. Ọmọ mẹ́rin ń da orí bo ẹyọ kan bí ẹni ń wo inú kànga.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n mọ̀ nípa àwọn Júù. Ẹnìkan ní wọ́n la Òkun Pupa já. Ẹnìkan ní wọ́n jẹ mánà títí ó fi sú wọn. Ọmọkùnrin gíga kan tó jókòó sẹ́yìn pátápátá na ọwọ́.

"Sà, ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Wọ́n wà."

"Títí di ìsinsìnyí?"

"Títí di òwúrọ̀ yìí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń sanwó iná. Àwọn míì ò tíì san ti oṣù yìí."

Ẹnu yà wọ́n. Ó jọ pé wọ́n rò pé ọjọ́ tí Bíbélì parí ni kálukú wọn ti palẹ̀ mọ́ tó ti lọ sílé.

Ọmọbìnrin kan wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò, nítorí kò sí ohun tí kì í bá jiyàn, títí kan agogo ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní, "Sà, nígbà tí wọ́n rí i pé ìjọba fẹ́ pa àwọn, kí ló dé tí wọn ò sá?"

Mo ní ká kà á ná.

Ó ní ìyẹn kọ́ ni ìdáhùn. Òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ṣẹ́rẹ́

Olórí ẹ̀ka èdè ránṣẹ́ pè mí. Baba Kókó ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é, láti ẹnu géètì títí dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, orúkọ náà sì wù ú. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé kò sí ìtàn láyé yìí tí kò ṣeé rún wómúwómú sí kókó márùn-ún. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan tí à ń kà, ó ti kọ ìwé pẹlẹbẹ kan: àwọn ẹ̀dá ìtàn, ẹ̀kọ́ inú ìtàn, ìbéèrè tó lè jáde, ìdáhùn ní kókó márùn-ún. Inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ló ti ń tà á. Iye owó búrẹ́dì kan ni, ó sì yá lọ́jà ju búrẹ́dì lọ.

"Ọmọ pólì," ó ní, "ìwọ ṣáà máa ka ìtàn fún wọn. Kókó wà lọ́wọ́ mi."

Mo dúpẹ́. Èèyàn dáadáa ni. Ó wá àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé fún mi.

Àìkú, 19 Ṣẹ́rẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Àǹtí mi."

"Kí lo jẹ?"

Mo bi í pé ọmọ rẹ̀ ńkọ́.

"Mo mọ̀. Kí lo wá ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀?"

Mo ṣàlàyé. Télọ̀, Júù, Násì.

"Áà! O ń ṣọ̀fọ̀ àwọn Júù, àwọn èèyàn tìrẹ wà nílé, o ò pè wọ́n."

Mo ní màá máa pè. Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Yàrá náà wá pa lọ́lọ́, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ̀rọ.

Ìṣẹ́gun, 28 Ṣẹ́rẹ́

Òtútù láàárọ̀, eruku lọ́sàn-án. Ṣọ́ọ̀kì kan náà ló wà nínú afẹ́fẹ́ àti lórí pátákó.

A dé orí kẹrin. Wọ́n ti gba rédíò lọ́wọ́ télọ̀, wọ́n ti gba kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ jókòó mọ́ lórí bẹ́ǹṣì inú ọgbà ìlú. Ó wá kan aṣọ: gbogbo Júù gbọ́dọ̀ rán ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè mọ́ àyà kóòtù rẹ̀. Àwọn Júù àdúgbò tí kò mọ abẹ́rẹ́ dì mú kó kóòtù wọn wá bá a. Télọ̀ náà rán gbogbo rẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń rán ìránkúràn. Ó ṣẹ́ etí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó wá òwú tó bá a mu, ó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó tó dá a padà fún olówó rẹ̀.

"Sà," ni ọmọkùnrin gíga ẹ̀yìn wí, "ṣé ó gbowó iṣẹ́?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rín, nítorí ìbéèrè tí èmi ìbá bi olùkọ́ mi nígbà náà nìyẹn. Agbẹjọ́rò ò rín. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀.

"Bí ìyá mi náà ṣe rí nìyẹn," ó ní. "Tí wọ́n bá ní kó rán aṣọ òkú ara rẹ̀, á kọ́kọ́ bi wọ́n pé ṣé kóun fi àpò sí i."

Ẹ̀rín gé. Wọ́n ń wo àyà ẹ̀wù ara wọn.

Mo rìn délé pẹ̀lú ayọ̀ tí n ò rí ẹni tí màá sọ fún. Ìyá onílé rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Tíṣà, ṣé wọ́n ti sanwó ni?" Mo ní rárá, mà. Ó ní kí ni mò ń rẹ́rìn-ín sí nígbà náà.

Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé

Orí karùn-ún. Télọ̀ tọrọ àyè ní ìlú òkèèrè kan, wọ́n ní kò sí. Ó tọrọ ní òmíràn, wọ́n ní kó padà wá. Ó tọrọ ní òmíràn, ìyẹn ò tilẹ̀ dá a lóhùn. Mo wo ojú Agbẹjọ́rò, ẹni tó bi mí lọ́jọ́sí pé kí ló dé tí wọn ò sá. Ojú fèrèsé ló ń wò.

Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé

Àná ni wọ́n ṣe ìdánwò ìdajì táàmù. Baba Kókó ló gbé ìbéèrè kalẹ̀, òun náà ló kọ ìdáhùn tí màá fi máàkì sí. Èmi ni mo ni bíírò pupa.

Ìbéèrè kẹta: Dárúkọ ìdí márùn-ún tí wọ́n fi ṣe inúnibíni sí àwọn Júù nínú ìwé yìí.

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo ṣí:

1. Wọ́n lówó jù.
2. Wọn kì í ṣe ọmọ ìlú.
3. Wọ́n máa ń ya ara wọn sọ́tọ̀.
4. Wọ́n jẹ gbèsè búrẹ́dì.
5. Wọ́n gbọ́n jù.

Mo ṣí èkejì. Bákan náà. Ẹ̀kẹta, bákan náà, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ṣoṣo ló kọ gbogbo rẹ̀, tó kàn ń pààrọ̀ ọwọ́. Àwọn kan fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Agbẹjọ́rò ló mọ́ jù.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ìkíní àti ìkẹrin. Olówó tó jẹ gbèsè búrẹ́dì! Lẹ́yìn náà ni mo rántí ibi tí mo ti ka ọ̀rọ̀ náà. Orí kẹfà ni. Oníbúrẹ́dì àdúgbò, ẹni tó ti ń wọ kóòtù tí télọ̀ rán láti ìgbà èwe rẹ̀, gun orí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń pe àwọn èèyàn jọ pé kí wọ́n wá bá òun fọ́ fèrèsé télọ̀. Ìdí tó kà fún wọn nìyẹn, ní ẹsẹẹsẹ. Irọ́ gbuu ni, ìwé náà ò sì fi bò: ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló ń wọ oníbúrẹ́dì lójú. Baba Kókó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó fi nọ́ńbà sí i, ó sì ń tà á.

Ẹbí ẹni ló máa ń ki ẹni. Níbí yìí, a ké sí ọ̀tá pé kó wá ki oríkì, a sì ní káwọn ọmọdé há a sórí.

Máàkì méjì ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé bíírò pupa. Mo gbé e sílẹ̀. Mo jẹun. Mo fọ abọ́. Mo tún fọ èyí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Àìkú, 9 Èrèlé

Òdo. Gbogbo wọn. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Ta ló sọ báyìí?" Ọwọ́ ń ro mí.

Ajé, 10 Èrèlé

Baba Kókó kó àwọn ìwé náà síwájú mi.

"Kí lo ṣe yìí?"

"Mo fi máàkì sí i, sà."

"Ṣé ohun tí wọ́n kọ ò sí nínú ìwé ni?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Oníbúrẹ́dì ló sọ ọ́."

"O rí i? Ìwọ náà ní ó wà níbẹ̀."

"Òpùrọ́ ni oníbúrẹ́dì, sà."

"Kò sí òpùrọ́ nínú ìdánwò. Ohun tó wà nínú ìwé ló wà." Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "Gbọ́ ná, ọmọ mi. Ọmọbìnrin tó máa ń jiyàn yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ. Tí lítíréṣọ̀ bá fà á lulẹ̀, ṣé télọ̀ inú ìwé ni yóò lọ bá a bẹ̀ wọ́n?"

Ìkà èèyàn ni mo ti múra sílẹ̀ dè. Ẹni tó fẹ́ràn àwọn ọmọ ni mo bá, ìyẹn sì le jù.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ ti ka ìwé náà?"

"Ìwé wo?"

"Èyí tí ẹ kọ kókó rẹ̀."

Ó wò mí títí. "Mo ka èyí tó tó kà," ó ní, ó sì dé fìlà rẹ̀ padà.

Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Mo ti mọ̀ pé Agbẹjọ́rò ni yóò kọ́kọ́ dìde. Ó gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ sókè bí ẹni gbé ẹ̀rí lọ sí kóòtù.

"Sà, ẹ béèrè pé ta ló sọ báyìí. Baba Kókó ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Níbo ló ti rí i?"

"Nínú ìwé."

"Ta ló sọ ọ́ nínú ìwé?"

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣí ìwé. Àwọn tó wà lẹ́yìn na ọrùn. Agbẹjọ́rò ló kọ́kọ́ rí i. Ó kà á sínú, ètè rẹ̀ ń mì.

"Oníbúrẹ́dì ni," ó ní, bí ẹni tó gé nǹkan jẹ tó wá rí ìdin níbẹ̀. Ó gbé orí sókè. "Ó dáa. Bí ti oníbúrẹ́dì kì í bá ṣe ìdí, ẹ fún wa ní márùn-ún tó jẹ́ ìdí ní tòótọ́."

Mo ní, "Bí olè bá wọ ilé ìyá rẹ lónìí, dárúkọ ìdí márùn-ún."

Kíláàsì gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba bọ́ọ̀lù.

"Kò tilẹ̀kùn!"

"Ó ń wọ góòlù kiri!"

"Ó ń ṣe fáàrí!"

"Kò ní géètì, kò ní ajá!"

"Ìyá Agbẹjọ́rò? Kí ló fẹ́ fi ajá ṣe?"

Ẹ̀rín sọ. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó, pẹ̀lú nọ́ńbà. Nígbà tó pé márùn-ún, mo bi wọ́n pé, "Nínú gbogbo èyí, olè dà?"

Wọ́n wo pátákó. Wọ́n tún un wò. Kò sí olè kankan níbẹ̀. Ìyá nìkan ló wà níbẹ̀, láti òkè délẹ̀.

Agbẹjọ́rò kúrò ní àyè rẹ̀ láì tọrọ àyè. Kò mú dọ́sítà. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi nu pátákó náà títí kò fi ku lẹ́tà kan. "Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ìyá mi síbẹ̀ mọ́, sà," ó ní. Ó jókòó, ó nu ọwọ́ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kí la wá máa kọ bí wọ́n bá tún bi wá?"

Agogo lù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí agogo yóò borí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 Èrèlé

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kò sí ẹ̀ka tí kò ní ìwé pẹlẹbẹ tirẹ̀. Sáyẹ́ǹsì ní. Ìṣirò ní. Ìyá Ìṣirò, tó máa ń pè mí ní ọkọ mi, tó sì máa ń da tíì inú fíláàsì rẹ̀ fún mi nínú ọmọrí, ti gbé ìwé rẹ̀ lọ sí tábìlì kejì.

"Ọkọ mi, má bínú o," ó ní. "Ibí yẹn ni atẹ́gùn wà."

Mo ní mo mọ̀, mà. Mo rí atẹ́gùn náà. Gbogbo yàrá olùkọ́ ló kó lọ síbẹ̀.

N ò fi ara mi wé télọ̀ o. Kò sẹ́ni tó fọ́ fèrèsé mi. Fèrèsé tèmi ò tilẹ̀ kọjú sí ẹnì kankan.

Ajé, 17 Èrèlé

Ọ̀gá àgbà pè mí. Kò bínú. Ó ní Baba Kókó ti tún máàkì náà fi sí i, kíláàsì ti yege, gbogbo òbí ti fara balẹ̀. Nǹkan kan péré ló kù. Kí n wọ kíláàsì, kí n fi ẹnu ara mi pe kókó márùn-ún yẹn fún àwọn ọmọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn olùkọ́ fẹnu kò.

"Lẹ́yìn ìyẹn," ó ní, "àga tìrẹ ni. Kì í ṣe ti táàmù kan mọ́."

Mo ní màá ronú sí i. Ó ní ronú sí kí ni?

Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé

Mo ronú sí i. Yàrá yìí rọrùn láti ronú nínú rẹ̀, kò sí ohun mìíràn tí èèyàn lè rí ṣe níbẹ̀. Mo ronú sí àga. Mo ronú sí owó oṣù, sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn àgbà ò sọ ohun tí ẹni tó ń ta òtítọ́ máa jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Kà á fún wọn!" ó ní. "Kà á, kó o gba iṣẹ́ rẹ! Kókó márùn-ún lásán. Ṣé kókó ń pa èèyàn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi. Ó pa mílíọ̀nù mẹ́fà."

Mo ń gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń fi ṣíbí lu nǹkan.

"Ṣé o ti jẹun?" ó ní.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Mo wọ kíláàsì pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ lọ́wọ́. Mo san owó tèmi rà á. Baba Kókó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, inú rẹ̀ dùn sí mi bíi ti bàbá tí ọmọ rẹ̀ padà sílé.

"Ẹ mú bíírò," mo ní. "Ìkíní. Oníbúrẹ́dì ní wọ́n lówó jù."

Bíírò ń lọ.

"Ìkejì. Oníbúrẹ́dì ní wọn kì í ṣe ọmọ ìlú. Ìkẹta. Oníbúrẹ́dì ní wọ́n máa ń ya ara wọn sọ́tọ̀."

"Dúró ná," ni Baba Kókó wí. "Yọ oníbúrẹ́dì kúrò níbẹ̀."

"Òun ló ni ọ̀rọ̀ yìí, sà."

"Ó ń gbàyè."

"Ó gbàyè lóòótọ́, sà. Ó gba ṣọ́ọ̀bù télọ̀."

Ọmọkùnrin gíga ẹ̀yìn sín ẹ̀rín jáde nímú. Baba Kókó ò bínú sí i. Èmi ló ń wò, ojú rẹ̀ ti rọ̀.

"Ọmọ pólì," ó ní jẹ́jẹ́, "o ò mọ ẹni tí ò ń bá jà."

Lóòótọ́, n ò mọ̀ ọ́n. Mo pe ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Oníbúrẹ́dì wà níwájú méjèèjì.

Ẹtì, 21 Èrèlé

Ìkéde lórí ìlà láàárọ̀: ẹnikẹ́ni tó bá kọ "Oníbúrẹ́dì ní" sínú ìdánwò ìparí yóò gba òdo fún gbogbo ìbéèrè náà. Baba Kókó fúnra rẹ̀ ni yóò fi máàkì sí i. Ọ̀gá àgbà pàdé mi ní kọ́rídọ̀. Ó ní kí n parí táàmù, kí n má gbàgbé láti dá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù padà.

Àwọn ọmọ ti fún mi lórúkọ. Oníbúrẹ́dì. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Oníbúrẹ́dì ní ẹ káàárọ̀, sà." Nínú gbogbo èèyàn inú ìwé náà!

Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Ibà. Ìyá onílé gbé omi gbígbóná wá, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọmọ òun méjì wà nínú ilé, òun ò lè wọlé. Ó bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ dára bí èèyàn ò bá rí ojú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà

Baba Kókó ti ní orí ìkẹyìn kì í jáde nínú ìdánwò, kí á fò ó. Mo sọ fún kíláàsì pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ibi tí ìtàn náà parí sí, kó dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde.

Òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́sàn-án, pẹ̀lú ìjì. Kò sẹ́ni tó dúró. Mo ka ojú ìwé méjì sókè fún àwọn àga, òrùlé sì ń pariwo lé mi lórí. Àga mọ ìwé gbọ́. Kò sí èyí tó béèrè pé ṣé yóò jáde.

Ẹtì, 14 Ẹrẹ́nà

Mo tún un sọ. Agbẹjọ́rò dúró. Ọmọkùnrin gíga dúró, ó ní òun ń dúró de kí ojú ọ̀nà gbẹ ni. Ojú ọ̀nà ti gbẹ láti àná. Àwọn díẹ̀ mìíràn dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan lóde.

Mo kà á. Wọ́n kó télọ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn sínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ń kó màlúù, kò sí àga, kò sí omi. Ní ibi tó gúnlẹ̀ sí, wọ́n ní kí bàbá àti ìyá gba ọ̀tún, kí ọmọ gba òsì. Ọmọ nìkan ló padà sí ìlú nígbà tí ogun parí. Ó gba àdúgbò rẹ̀ kọjá. Oníbúrẹ́dì ti wó ògiri àárín, ṣọ́ọ̀bù méjèèjì ti di ẹyọ kan. Ó rí ọmọ náà lójú ọ̀nà, ó sì bọ́ fìlà kí i. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o," ó ní, bí ẹni pé ọmọ náà lọ kí ẹbí ni.

Ibẹ̀ ló parí sí.

"Sà, kí ló wá ṣe oníbúrẹ́dì?" ni ọmọkùnrin gíga béèrè.

"Kò sí ohun tó ṣe é."

"Wọn ò mú un?"

"Ìwé náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, búrẹ́dì wà lórí àtẹ."

Ó jọ pé ó fẹ́ fi ṣe àwàdà. Ó kó báàgì rẹ̀, ó sì rìn jáde láì kí mi.

Agbẹjọ́rò ṣì jókòó. "Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń wo èsì lítíréṣọ̀," ó ní.

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ìyá mi ti rán aṣọ funfun nọ́ọ̀sì mi sílẹ̀. Mo ní kó má tíì rán an, kò gbọ́."

N ò mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ. Bóyá kí n sọ pé kó kọ òtítọ́. Bóyá kí n sọ pé kó yege. Mo ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi tán sórí pátákó láti oṣù tó kọjá. Mo ní ilẹ̀ ń ṣú lọ, kó máa lọ sílé.

Àìkú, 23 Ẹrẹ́nà

Mo di ẹrù. Báàgì kan ni, àyè sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, àga ìnàyìn kan wà ní pálọ̀. Iye ìgbà tó pè lọ́sẹ̀ yìí pọ̀ ju ti oṣù méjì tó ṣáájú lọ. Kò tún dárúkọ Júù mọ́. Ó ṣáà ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 27 Ẹrẹ́nà

Ìdánwò lítíréṣọ̀. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ wọn, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró nínú ooru gbọ̀ngàn náà. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa rìn láàárín ìlà, kí wọ́n má wo ìwé ara wọn. Fáànù kan ló ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ké.

Ìbéèrè kẹta ò yí padà. Márùn-ún náà ni.

Mo rìn. Gbogbo ìwé tí mo kọjá ló ní nọ́ńbà, gbogbo nọ́ńbà ló ní ìdí, kò sì sí oníbúrẹ́dì lẹ́bàá èyíkéyìí. Ta ni yóò fẹ́ gba òdo nítorí oníbúrẹ́dì? Ọmọkùnrin gíga ti kọ tirẹ̀ tán, ó ń wo àjà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ó kàn ń wo àjà náà lọ.

Mo dé iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Agbẹjọ́rò ti kọ mẹ́rin. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ bíi ti ìjọ́sí, ìlà rúlà sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, oníbúrẹ́dì ò sí níbẹ̀. Ó rí bàtà mi. Ọmọ tó máa ń ṣí ìwé sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo ayé lè rí i pé òun mọ̀ ọ́n, ó gbé ọwọ́ òsì lé ojú ìwé náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ohun tó kọ. Kò wo ojú mi. Kò sí ẹni tó ń jí i wò; èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo dúró díẹ̀. Ọwọ́ náà ò kúrò.

Mo kọjá sí ìlà kejì, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i, kó lè ráyè kọ ìkarùn-ún.